Ta Ló Ń San Owó Ìtọ́jú Ọmọ ní Maiduguri?



Bí mo bá ní kí ìjọba máa náwó sí jẹ́léósinmi, ẹ ó bi mí pé níbo lowó wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń san án lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá rẹ̀ ti lọ ta kúlíkúlí. Òun ló pọn àbúrò sẹ́yìn, òun ló ń po ògì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì. Kò sí ìwé ìṣúná tó ka ìyẹn sí ìnáwó, a sì ń pe ìtọ́jú ọmọ ní ọ̀fẹ́.

Ìyá àgbà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Àwa Yorùbá ìlú yìí mọ̀ ọ́n: obìnrin bímọ sí àdúgbò Wulari, ìyá rẹ̀ wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó títí ọmọ fi rìn. Ogun Boko Haram tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 sọ ọ̀nà yẹn di ọ̀nà ìpayà. Ti àwọn tó sá wá láti Bama àti Gwoza tún burú jù bẹ́ẹ̀: ogun ti tú ẹbí ká, opó sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí Gómìnà Babagana Zulum ti àwọn ibùdó inú ìlú tí àwọn tó sá fógun ń gbé pa níparí 2021, olúkúlùkù ní láti wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe ọnà sára fìlà lè jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Èyí tó ń lọ sóko olóko ńkọ́?

Ọkùnrin kan gbìyànjú láti gbé díẹ̀ nínú ẹrù yìí. Lọ́dún 2007, lọ́yà Zannah Mustapha dá ilé ẹ̀kọ́ Future Prowess sílẹ̀ níhìn-ín fún àwọn ọmọ òrukàn, láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ sójà àti ọmọ Boko Haram jókòó sí kíláàsì kan náà. UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn asásálà, fún un ní ẹ̀bùn Nansen lọ́dún 2017. Inú mi dùn, inú sì bí mi díẹ̀: a pàtẹ́wọ́ tán, a fi ẹrù ìlú sílẹ̀ lórí ẹnì kan.

Ibòmíràn ti sọ irú àánú bẹ́ẹ̀ di òfin. Ní Delhi, ní Íńdíà, Meera Mahadevan dá àjọ ìtọ́jú ọmọ Mobile Creches sílẹ̀ lọ́dún 1969 fún ọmọ àwọn obìnrin tó ń ru bíríkì. Àánú ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1996, òfin Íńdíà sọ ọ́ di dandan pé ibi ìkọ́lé tó bá ní obìnrin tó ju 50 lọ gbọ́dọ̀ ní yàrá ọmọdé. Wọn kì í tẹ̀ lé e níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ìyá tó bá fẹ́ jà ní ohun tí yóò tọ́ka sí.

Àwa náà kò ṣàìní òfin. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì ya 2% nínú àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ náà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 2013 wá fi ọdún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fún ọmọ ọdún márùn-ún. Kí ni ọmọ oṣù mẹ́jọ yóò fi ọdún kan yẹn ṣe? Òfin Iṣẹ́ fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 12, àti ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́yàn. Ó dára fún ẹni tó ní ọ̀gá. Ta ni ọ̀gá oníkúlíkúlí?

Iná jó Monday Market ní February 2023. Omi ìsédò Alau ya wọ̀lú ní September 2024. Ìgbà méjèèjì la sọ̀rọ̀ àtúnkọ́, ṣọ́ọ̀bù la sì ń kà. Mo fẹ́ kí yàrá ọmọdé wà nínú àwòrán ọjà kí wọ́n tó fi bíríkì lélẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ máa san owó oṣù àwọn olùtọ́jú. Kí a gbà wọ́n nínú àwọn opó tó gbọ́ Kànúrí àti Hausa, kí a sì kọ́ wọn níṣẹ́. N kò ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá: ohun ọ̀fẹ́ nìjọba kọ́kọ́ ń gé bí owó bá wọ́n. Kí ìyá san ohun tí èrè òwúrọ̀ kan lè gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀sìn kò fẹ́ kí àlejò tọ́jú ọmọ, kí a fi ìmáàmù àdúgbò sínú ìgbìmọ̀ tó ń yan olùtọ́jú. Kí ilẹ̀kùn sì ṣí ní ìdájí tí àwọn ìyá ń jáde, kì í ṣe aago mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ ọ́fíìsì, kí wọ́n má sì tì í títí ọjà yóò fi tú.