Ìtàn Òkun Báltíkì Láti Ìgbà Ìwáṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ òkun kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Òkun Báltíkì ni a ń pè é, ìhà àríwá ilẹ̀ Yúróòpù ni ó sì wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ni ó yí i ká. Swídìn, Fínlándì, Dẹ́nmáàkì, Jámánì, Pólándì àti Rọ́ṣíà wà nínú wọn. Omi rẹ̀ kì í ṣe omi dídùn, bẹ́ẹ̀ ni kò níyọ̀ tó ti agbami. Nínú kílò kan omi agbami, iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35. Ṣùgbọ́n lójú omi ní àárín Báltíkì, bíi gíráàmù 7 péré ni. Ẹni tí ó bá ń gbé létí ọ̀sà mọ irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà òkun yìí ni ó ń pinnu irú omi tí yóò jẹ́: bí ó bá ṣí, iyọ̀ a wọlé, bí ó bá dí, òkun a di adágún.

Ní ayé àtijọ́, yìnyín tí ó nípọn ju kìlómítà kan lọ ni ó bo agbègbè náà. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, yìnyín ń yọ́, omi rẹ̀ sì kójọ di adágún ńlá. Èyí ni sáà kìíní, Adágún Yìnyín Báltíkì. Omi náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 25. Ní nǹkan bí ọdún 11,700 sẹ́yìn, yìnyín tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́bàá òkè Billingen ní Swídìn fà sẹ́yìn, omi sì ya lọ sínú òkun. Kò pẹ́ rárá tí adágún náà fi wálẹ̀ bá òkun dọ́gba.

Ní sáà kejì, omi iyọ̀ gba àárín ilẹ̀ Swídìn wọlé fún ìgbà díẹ̀. A ń pè é ní Òkun Yoldia, ní orúkọ ẹran omi oníkarawun kan tí ó fẹ́ràn omi tútù oníyọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí yìnyín ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń ga sókè, bí tìmùtìmù tí ẹni tí ó jókòó lé e ti dìde. Ní nǹkan bí ọdún 10,700 sẹ́yìn, ilẹ̀ náà dí ọ̀nà, òkun sì tún di adágún omi dídùn: Adágún Ancylus, tí a fi orúkọ ìṣáwùrú inú odò kan pè. Lẹ́yìn èyí, omi òkun gbogbo àgbáyé kún, ó sì gba ojú omi tóóró ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì wọlé. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn, Òkun Littorina ti dé, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti òde òní lọ. Ìṣáwùrú etí òkun ni ó ni orúkọ yìí. Ìkarawun àwọn ẹran wọ̀nyí, tí a ń wú jáde nínú ilẹ̀ gbígbẹ, ni ẹlẹ́rìí gbogbo ìtàn yìí.

Ilẹ̀ náà kò tíì dẹ́kun gígá. Ní ọdún 1649, wọ́n ní láti ṣí ìlú Luleå ní Swídìn nípò, nítorí èbúté rẹ̀ kò jìn mọ́ fún ọkọ̀. Ní ọdún 1731, Anders Celsius gbẹ́ àmì sára àpáta kan ní Lövgrund láti fi wọn omi. Ó rò pé omi ni ó ń fà. A mọ̀ lónìí pé ilẹ̀ ni ó ń ga. Ní àwọn ibì kan ní àríwá, ó ń ga ní nǹkan bí mìlímítà 8 lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ará, ìtàn yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ẹnu ọ̀nà Báltíkì há títí di òní; láàárín Dẹ́nmáàkì àti Swídìn, ibì kan wà tí omi kò jìn ju nǹkan bí mítà 8 lọ. Nítorí náà, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí omi inú òkun náà tó lè pààrọ̀ tán. Ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko, àti ẹ̀gbin ìlú ńlá, wọlé, wọn kò sì tètè jáde. Èéhù omi ń gbilẹ̀ lórí wọn. Bí ó bá kú tí ó sì ń jẹrà, a gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí tán nísàlẹ̀ omi. Ẹyin ẹja cod kò lè léfòó àfi nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó. Bí ó bá rì sí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó kú nìyẹn. Ẹja náà dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de pípa á ní ìhà ìlà-oòrùn òkun náà ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ apẹja sì pàdánù iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Láti ọdún 1974 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Helsinki láti jùmọ̀ dáàbò bò ó. Ọgbọ́n ni wọ́n ṣe. Yìnyín àti ilẹ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn òkun yìí tí ó sì ń tì í láyé àtijọ́, ọwọ́ ènìyàn kò sì tó o. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń dà sínú rẹ̀ lónìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà.