Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìfọ̀ ní ti àwọn ọmọ adití



Bí àlejò bá béèrè ọmọ adití nínú agbo ilé wa, a ó tètè dáhùn pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ ata. Odi ni à ń pè é. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì wá.

Andrew Foster, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, di adití ní ọmọ ọdún 11. Ní 1957 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra, ó sì dá ti Ìbàdàn ní 1960. Ọwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó kú nínú ọkọ̀ òfúrufú ní 1987, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Áfríkà ti lé ní 30.

Òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 fún ọmọ aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ẹ̀yìnkùlé. Òbí ni yóò mú ọmọ jáde, tí yóò sì kọ́ èdè ọwọ́, kí ọmọ má baà di àlejò nílé baba rẹ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù baálé kọ orúkọ àwọn adití agbo ilé rẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ yìí ní oṣù tí ń bọ̀.