Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ọjọ́ Ìdánwò: Bí Yunifásítì Ṣe Lè Fi Àyè Sílẹ̀ fún Ìjọsìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún kíkọ́ mọ́ṣáláṣí





   Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí yunifásítì ṣe lè fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ ìjọsìn. Mo mọ̀ pé owó ni ẹ wá dá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ẹ wá gbọ́, nítorí náà n kò ní í pẹ́ lórí ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí ní aago kan ọ̀sán Jímọ̀. Tẹ́ẹ̀sì wà fún un ní aago méjì ààbọ̀. Lèmọ́ọ̀mù gun mínbárì ní aago kan ààbọ̀. Bí mọ́ṣáláṣí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì, ọmọ yìí á ṣe àlùwàlá, á gbọ́ kùtúbà, á kírun, á sì ti jókòó kí olùkọ́ tó pín ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ inú ìlú ló ń lọ, yóò dúró de ọkọ̀ lálọ, yóò tún dúró de ọkọ̀ lábọ̀, aago mẹ́ta á sì ti lù kó tó padà dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìrun kan náà ni, kùtúbà kan náà ni. Ọ̀nà ló jẹ ẹ́ ní tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ lè ṣe èyí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrun sílẹ̀, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì sílẹ̀? Àwọn tó ń fi ìrun sílẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, wọn kì í sì í sọ fún àwọn òbí wọn.

Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì rí pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má fi kíláàsì sí ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ Àìkú láti ìgbà tí ìjọba òyìnbó ti gbé ètò ọ̀sẹ̀ tiwọn wá, nígbà tí wọ́n sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ètò náà ló bá wọlé. N kò sọ èyí láti bá àwọn ará wa Kírísítẹ́nì jà, nítorí àwọn tí a jọ wà níhìn-ín kọ́ ló ṣe kàlẹ́ńdà náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tí kàlẹ́ńdà ti ṣojú rere sí kì í mọ̀ pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún òun. Bí Mùsùlùmí bá wá béèrè wákàtí kan ní ọjọ́ Jímọ̀, lójú rẹ̀ á dà bí ẹni tó ń tọrọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní.

Wákàtí kan náà sì ni. Súratul-Jumuah, tí í ṣe súrà kejìlélọ́gọ́ta nínú Al-Kùránì, kò sọ Jímọ̀ di ọjọ́ ìsinmi. Ó pàṣẹ kí a fi kárà-kátà sílẹ̀ bí a bá ti pe ìrun, ó sì yọ̀ǹda kí a túká padà sẹ́nu iṣẹ́ wa nígbà tí a bá kí i tán. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó kírun tán ní aago méjì, tó wá lọ sùn sí yàrá rẹ̀ títí di Alásárì, tó ní Jímọ̀ ni òun lọ, òun ló ń ba ẹjọ́ wa jẹ́. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí gan-an ló ń fi í sùn.

Kí Lèmọ́ọ̀mù wa má bínú sí mi, ó kàn wọ́n pẹ̀lú. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, ìjọba United Arab Emirates sọ pé kí iṣẹ́ ìjọba máa parí ní aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀, wọ́n sì fi kùtúbà sí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jákèjádò ilẹ̀ wọn. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n so aago iṣẹ́ mọ́ aago ìrun. Bí yunifásítì bá fún wa ní wákàtí kan ààbọ̀ tí kùtúbà tiwa sì ń bá a lọ títí di aago méjì ààbọ̀ nítorí pé olówó kan pẹ́ dé, kí ni a óò wí?

Ọ̀rọ̀ ọdún tún yàtọ̀. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún òṣùpá, nítorí náà Ramadan ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 1997 ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan, ní oṣù Kìn-ín-ní àti ní òpin oṣù Kejìlá, yóò sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2030. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò máa ń sọ pé àwọn kò mọ ọjọ́ tí Ìtúnú Ààwẹ̀ máa bọ́ sí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Oṣù òṣùpá kì í dín ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kì í sì í ju ọgbọ̀n lọ. Ọjọ́ kan péré ni iyèméjì náà. Kí wọ́n fi ọjọ́ méjèèjì tó ṣeé ṣe kí ọdún bọ́ sí sílẹ̀ láìsí ìdánwò, ìjà parí. Ti Iléyá tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijjah ni. Òṣùpá rẹ̀ ti lé kí ọdún tó kù bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdún Àjíǹde náà ń sún kiri, ó lè bọ́ sí ọjọ́kọ́jọ́ láti 22 oṣù Kẹta títí dé 25 oṣù Kẹrin, yunifásítì kò sì gbàgbé rẹ̀ rí.

Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1973 ni a ti dá ìgbìmọ̀ gíga àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà sílẹ̀, Sultan Sókótó ni olórí rẹ̀, òun ló sì ń kéde òṣùpá. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan á lọ sí Yídì lónìí, òmíràn á ní ó di ọ̀la. Èwo ni kí akọ̀wé àgbà yunifásítì kọ sínú ìwé rẹ̀?

Nípa ààwẹ̀, n kò rò pé ó yẹ kí a ní kí yunifásítì má ṣe ìdánwò nínú Ramadan. Àwọn baba wa gbààwẹ̀, wọ́n sì roko. Ṣùgbọ́n aago ìdánwò ṣe pàtàkì. Ní 2016, nígbà tí Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwọn iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe síwájú ààwẹ̀, wọ́n sì ro ọ̀rọ̀ àárọ̀ tàbí ọ̀sán mọ́ ọn. Bí ìdánwò bá bọ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí kò ní í parí kó tó di àkókò ìsínu, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ mu omi, kó jẹ dàbínù rẹ̀ nídìí tábìlì. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹlòmíràn á ní òfin ti fún wa ní ẹ̀tọ́, kí a lọ sí kóòtù. Lóòótọ́, abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ aago tí tẹ́ẹ̀sì máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ẹjọ́ híjáàbù àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Kóòtù Gíga dá wa lẹ́bi ní 2014, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn dá wa láre ní 2016, ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022 kí Kóòtù tó ga jù lọ tó fi òǹtẹ̀ lù ú. A ṣẹ́gun, a dúpẹ́. Ọmọ tó wà ní JSS 1 nígbà ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì kí ti ìkẹyìn tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, ẹ má rò pé ibẹ̀ rọrùn. Olùkọ́ Mùsùlùmí kan, Iftikhar Ahmad, ń lọ kírun Jímọ̀, ó sì ń pẹ́ padà sí kíláàsì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní kó gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ó kọ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pẹjọ́. Ní 1977 Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn dá a lẹ́bi, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Scarman nìkan ló gbè é. Ohun tó gbà mí láfiyèsí nínú ẹjọ́ náà ni pé nígbà tí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ìjà. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí tòsí mọ́ṣáláṣí ní 1974 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ rò pé bí a bá ti kọ́ ilé yìí tán, ó parí. Mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ni á mú kí àwọn tí kò lọ tẹ́lẹ̀ máa lọ. Ọmọ ọgọ́rùn-ún tó ń yọ́ lọ á di ọmọ ẹgbẹ̀rún tó ń jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí òrùlé tó bo ilé.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro kọ. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, abala 224-a nínú òfin ẹ̀kọ́ wọn sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wá ní ọjọ́ kan, a kò gbọ́dọ̀ lé e, a gbọ́dọ̀ fún un ní àyè láti ṣe ìdánwò tàbí iṣẹ́ tó pàdánù, a kò sì gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò dárúkọ Júù, kò dárúkọ Mùsùlùmí, kò dárúkọ Kírísítẹ́nì. Àbá tèmi ni pé kí a gbé ojú ìwé kan ṣoṣo lọ fún Sẹ́nétì: kí tẹ́ẹ̀sì má ṣe wáyé láàrin aago kan sí aago méjì ààbọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ méjì ọdún sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọjọ́ ìjọsìn rẹ̀ fún olórí ẹ̀ka rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bá wọlé, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Ibi tí àwọn kan nínú wa máa ti fajú ro nìyí: kí ìwé náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ìjọ Seventh-Day Adventist kì í ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Jímọ̀ títí di ìgbà tó bá wọ̀ ní Sátidé. Ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tó jẹ́ tiwọn, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń fi ìdánwò sí Sátidé. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Bí a bá béèrè fún ara wa nìkan, ojú rere ọ̀gá àgbà kan ni a gbà, bí òun bá sì lọ, ẹni tó kàn lè fagi lé e. Bí ọmọ Adventist bá jẹ nínú ìwé kan náà, òun àti baba rẹ̀ á bá wa dì í mú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ nawo, iṣẹ́ yín ní ìran. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí oníṣòwò Mohammed Shitta Bey fi owó ara rẹ̀ kọ́ sí Èkó. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Quilliam ti Liverpool jẹ́ aṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, iṣẹ́ tó sì jẹ́ ni pé kí àwọn Mùsùlùmí fi ọmọ sí ilé-ìwé. Ní 1896 ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ṣí ní Èkó. Níbi ayẹyẹ mọ́ṣáláṣí ni ọ̀rọ̀ ìwé ti jáde.

Mo ti wo àwòrán ilé tí a fẹ́ kọ́. Ó dára, àyè àwọn obìnrin sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rọ omi mẹ́fà fún àlùwàlá, mo sì rí mínárà méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni ẹnì kan ń lò nídìí omi. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rọ mẹ́fà kò lè tó ju ènìyàn márùndínláàádọ́ta lọ. Ogójì ẹ̀rọ á tó ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn tó kù lórí ìlà ni yóò pẹ́ fún tẹ́ẹ̀sì, àwa náà ni olùkọ́ máa bú. Bí mínárà kejì bá lè dúró, kí ó dúró ná. Ẹni tó bá fẹ́ dá owó ẹ̀rọ omi, tàǹkì àti kànga, akápò wà lápá ọ̀tún mi, ìwé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àpapọ̀. Kí Ọlọ́run Allah gbà á ní sàdákátù járíyà lọ́wọ́ gbogbo yín.