Ẹ Ka Ara Bátìrì Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí à ń kọ́ ní ìwé ní alaalẹ́ ní Volkswagen àtijọ́ kan, èyí tí à ń pè ní ìjàpá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà kọ̀, kò ṣíṣẹ́. Ó fi wáyà gba iná lára ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Gílóòbù rẹ̀ jó, bátìrì rẹ̀ sì ń hó bí omi orí iná. Kí ló fà á? 6 ni wọ́n kọ sára bátìrì tirẹ̀, 12 ni wọ́n kọ sára ti aládùúgbò. Ó mọ 6 kà, ó mọ 12 kà, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Owó ńlá ló bá a lọ. Ọpẹ́ ni pé ojú rẹ̀ kò fọ́.

Ọ̀pọ̀ ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1966, àti ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, 6 fóòtì ni wọ́n ń lò. Bí nọ́ńbà ara bátìrì bá ti parẹ́, ẹ ka ìdérí orí rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan ń mú 2 fóòtì wá. Mẹ́ta jẹ́ 6, mẹ́fà jẹ́ 12.

Bí ẹ bá fẹ́ gba iná lára ọkọ̀ mìíràn, kí 6 gba lọ́wọ́ 6. Ẹ pa ọkọ̀ méjèèjì, kí wọ́n má sì fara kan ara. Ẹ so + mọ́ +. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà kejì mọ́ − bátìrì tó lágbára. Orí rẹ̀ tó kù, ẹ so ó mọ́ irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò ṣíṣẹ́, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Ìyẹn ni ìkẹyìn, nítorí ó lè ta iná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ + ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ẹ pe riwáyà.

Bí ẹ bá ń ṣáàjì rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà wà lórí 6. Díẹ̀díẹ̀ ló dára. Bátìrì tí a kọ 70 Ah sí, kí iná tó ń wọ̀ ọ́ má ju 7 A lọ. Bí ó bá gbóná, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó tú wáyà.

Bátìrì tó ń gba iná ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n iná díẹ̀ lè mú un bú gbàmù. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ má gbé àtùpà wá wo inú rẹ̀. Bí omi bátìrì bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ojú lọba ara.

Àwọn kan ń bi wá pé, kí ni ìwé yóò ṣe fún àgbà? Nọ́ńbà kan àti àmì méjì ni a kà lónìí. Wọ́n tó láti gba ojú là.