Ta Ni Ó Bu Oògùn Sí Inú Àwo Ẹ̀fọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ọmọ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa

Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sí ibí. N kò ní jẹ́ kí ìrìn yín já sí asán. Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ìgò ni.

Àwọn àgbà ni wọ́n pa á lówe pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, ọmọdé ni a sì máa ń fi bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí òwe náà padà kí a tún un wò. Bí ọmọdé bá pe oògùn ní ẹ̀fọ́, ta ni ó bu oògùn sí inú àwo ẹ̀fọ́? Ọmọ ọdún méjì kò ra kẹrosíìnì. Kò lọ sí ọjà lọ ra oògùn eku. Àwa àgbà ni a rà á, àwa ni a gbé e wọlé, àwa náà ni a sì dà á sí inú ìgò tí ọmọ ti mọ̀ mọ ohun mímu.

Mo rántí ọmọ aládùúgbò wa kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ti da kẹrosíìnì sí inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, níbi ìsọmọlórúkọ kan, ọmọ yìí ti mu ohun dídùn nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó gbé e mu. Ẹnu kan péré ni ó mu kí ikọ́ tó mú un. Gbogbo ilé sáré sí i. Ẹnì kan ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ó sì bì lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi di àṣálẹ́, ó ń mí gúle-gúle bí ẹni tí ó gun òkè, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ ọ́, ó yè. Ṣùgbọ́n dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní bíbì tí a mú kí ọmọ náà bì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀. Kẹrosíìnì fúyẹ́, ó sì ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni epo ọkọ̀. Bí ó bá wà nínú ikùn, ìpalára rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ péré ti tó láti ba ibẹ̀ jẹ́. Ìgbà tí ọmọ bá ń bì ni ó rọrùn jù lọ fún un láti ṣìnà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ki ìka bọ ọmọ lọ́fun ń la ọ̀nà fún májèlé náà lẹ́ẹ̀kejì ni.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ wàyí yóò le létí àwọn ìyá wa. Epo pupa ni ẹ̀rọ̀. A fi ń se ọbẹ̀, a fi ń pa ara, àwọn baba wa sì fi ń tu Èṣù lójú. Èmi kò bú epo. Ṣùgbọ́n epo kì í pa oró. Kò lè fa májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó mú ọmọ bì, kí epo fúnra rẹ̀ sì tún wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń fi àkókò ṣòfò, nítorí pé bí a bá ti rọ epo tán, a óò jókòó máa wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́, nígbà tí ó yẹ kí a ti wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí a bá fi wàrà rọ́pò epo, ọ̀kan náà ni.

Sódà tí a fi ń se ọṣẹ tún le ju kẹrosíìnì lọ. Ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀; bí a bá mú ọmọ bì í, yóò tún jó o bí ó ti ń gòkè. Ọmọ tí ó bá yè é lè di ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sún kì, tí kò lè gbé òkèlè mì mọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ó kàn yín. Oògùn tí a ń fín sí kòkó àti oògùn apakoríko kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí oògùn kòkòrò bá wọ ara ọmọ, ìbáà jẹ́ láti ẹnu tàbí láti awọ ara, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, yóò máa làágùn, inú yóò máa run ún, dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ yóò sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn ní oògùn tí ó lè dojú kọ èyí bí a bá tètè débẹ̀. Ṣùgbọ́n Paraquat, oògùn apakoríko nì, kò ní ẹ̀rọ̀ kankan. Ẹnu kan rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin dè é ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ṣì ní i nínú abà, ìkìlọ̀ rèé.

Kẹ́ẹ̀gì oògùn kò ṣe é fọ̀ kí a fi pọn omi. Ẹ ṣan án nígbà mẹ́ta, kí ẹ da omi náà sí inú ẹ̀rọ ìfín-oògùn, kí ẹ sì lu kẹ́ẹ̀gì náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Ẹ má sì fi ẹ̀wù tí ẹ fi fín oògùn gbé ọmọ.

Bákan náà ni irúgbìn tí a ti pò mọ́ oògùn. Ní ọdún 1971, ilẹ̀ Ìráàkì ra ọkà àlìkámà fún gbígbìn, wọ́n ti fi májèlé pò ó, wọ́n sì pa á láró pupa fún ìkìlọ̀. Ìkọ̀wé ara àpò rẹ̀ kì í ṣe èdè tí àwọn àgbẹ̀ lè kà. Ọ̀pọ̀ fọ aró náà kúrò, wọ́n rò pé májèlé ti bá a lọ, wọ́n sì fi ọkà náà ṣe búrẹ́dì. Ènìyàn tí ó ju 6,000 lọ ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, 459 sì kú níbẹ̀. Ẹ rántí wọn bí ebi bá ń sọ fún yín pé kí ẹ se àgbàdo tí ẹ rà fún gbígbìn.

Nínú ilé, ẹ má ṣe fi ẹja tàbí àkàrà tí ẹ fi oògùn eku sí ṣe ìdẹ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún sábà máa ń pupa, ó sì ń dán bí súìtì. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọ kékeré. Ẹ má sì ṣe tan ọmọ pé súìtì ni oògùn kí ó lè lò ó.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gba ohun tí ó kù ní ẹnu ọmọ. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn ta sí, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀. Bí ó bá ta sí i lójú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹ má ṣe mú un bì. Ẹ má ṣe fún un ní epo tàbí wàrà. Ẹ mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Ẹ sì sọ òtítọ́. Ìtìjú òbí kò tó ẹ̀mí ọmọ.

Ṣùgbọ́n òbí nìkan kọ́ ni a óò di ẹrù náà rù. Ní ọdún 1970, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí a máa fi ọmọrí tí ọmọdé kò lè ṣí dé àwọn oògùn àti májèlé inú ilé, ikú àwọn ọmọ kékeré sì dín kù. Àwa náà lè béèrè irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, NAFDAC kéde pé kí a má ta ìgò kékeré Dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ota-piapia, mọ́. Ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe kí òfin tí ó wà lè múlẹ̀ ní ọjà yín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá délé ní alẹ́ òní, ẹ tan àtùpà, kí ẹ wólẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá ojú ọmọ dọ́gba, kí ẹ sì wo yàrá yín yí ká láti ibẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni ọmọ yín ń rí lójoojúmọ́. Májèlé tí ó bá wà nínú ìgò ohun mímu, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sùn. Èyí tí ó kù, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì tì í pa.

Olúwa yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.