Ilẹ̀ Tí Ogun Ti Jà: Ẹ Wò Ó, Ẹ Má Ba Ibẹ̀ Jẹ́

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí ẹbí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ a máa ránṣẹ́ pe ìyá pé kí ó wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á mú ìyá jáde lọ wo ìlú. Àwọn ará wa pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Láti ibẹ̀, kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Gettysburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìlú yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí àlejò hùwà níbẹ̀ sí àwọn òkú àti sí àwọn ẹranko.

Páàkì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kì í ṣe páàkì ọkọ̀ o! Ilẹ̀ gbalasa ni, oko àti igbó àti òkè àpáta. Ìjọba gbà á sí ìtọ́jú ní ọdún 1895, kí ìrántí ogun tí a jà níbẹ̀ má baà parun.

Ogun wo ni? Ní ọdún 1861, àwọn ará Amẹ́ríkà dìde ogun sí ara wọn. Àwọn ará Gúúsù ń fi ènìyàn dúdú ṣe ẹrú. Wọ́n fẹ́ ya kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹrú lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Àríwá kò gbà kí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1863, ọmọ ogun ìhà méjèèjì pàdé ní Gettysburg. Lee ni olórí ogun Gúúsù, Meade ni ti Àríwá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan bí 12,000 ọmọ ogun Gúúsù la pápá gbalasa kọjá, tí ìbọn àti àgbá dojú kọ wọ́n. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a mú. Àríwá ló borí. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn tí ó kú ní ìhà méjèèjì, àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, àti àwọn tí a mú tàbí tí a kò rí mọ́, wọ́n tó nǹkan bí 51,000.

Ọkùnrin dúdú kan ní oko níbẹ̀. Abraham Brian ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹrú, àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, òun àti ìdílé rẹ̀ sá lọ. Ó níláti sá, nítorí àwọn ọmọ ogun Gúúsù ń mú ènìyàn dúdú lọ sí oko ẹrú, ẹrú ni o, òmìnira ni o. Ìjà ọjọ́ kẹta dé orí oko rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó padà dé, ilé ti bàjẹ́, ọgbà ti wó, irè oko ti run. Ó ní kí ìjọba san dọ́là 1,028 fún òun. Dọ́là 15 ni wọ́n fún un. Ilé kékeré náà wà níbẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ tún lọ sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Àríwá. Níbẹ̀ ni Ààrẹ Abraham Lincoln ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ọdún 1863. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn rárá, ṣùgbọ́n ayé kò tíì gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí a sin síbẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà lé ní 3,500. Nínú wọn, a kò mọ orúkọ 979. Nọ́ńbà nìkan ni a kọ sára òkúta kékeré tí ó wà lórí wọn. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń kọ orúkọ ara wa, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ẹranko. Ibi tí ìbọn ti dún nígbà náà, ẹyẹ ló ń ké níbẹ̀ nísinsìnyí. Nítorí pé a kò jẹ́ kí ilé kún ilẹ̀ náà, ẹranko rí ibùgbé. Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà. Nígbà òtútù, igún a máa kó ara wọn jọ sùn lórí igi níbi òkè tí wọ́n ń pè ní Big Round Top. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ní Gettysburg, kì í ṣe igún nìkan. Kò sí ẹranko kan tí àlejò gbọ́dọ̀ pa tàbí kí ó yọ lẹ́nu.

Ẹ fi ìmọ̀ràn mẹ́rin yìí sọ́kàn.

Èkínní: ẹ má fún ẹranko ní oúnjẹ. Òfin ni. Ẹ lè wí pé, "Búrẹ́dì díẹ̀ náà ńkọ́?" Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹranko tí ó bá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn kò ní bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Yóò máa jáde wá sí ojú títì, ọkọ̀ yóò sì pa á. Ó sì lè bu ọmọdé jẹ níbi tí ó ti ń já oúnjẹ gbà. Àánú tí ẹ rò pé ẹ ṣe, ikú ló dà yẹn.

Èkejì: ẹ má sún mọ́ wọn. Ẹ jìnnà tó yáàdì 25, bíi gígùn bọ́ọ̀sì ńlá méjì. Ẹ lè rí ọmọ àgbọ̀nrín tí ó dá dùbúlẹ̀ sínú koríko. Ẹ má ṣe rò pé ìyá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀, tí ó lọ jẹun. Yóò padà wá fún un ní ọmú. Ẹni tí ó bá gbé e lọ ti sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Bí ẹ bá sì rí ẹranko tí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹ yẹra, kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ páàkì. Àrùn dìgbòlugi lè wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ ṣọ́ra fún eégbọn. Òmíràn kéré bí orí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè kó àrùn ranni, àrùn tí í mú oríkèé ara wú. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo ẹsẹ̀, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì yẹ ara wò bí ẹ bá délé.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má mú ohunkóhun lọ. Ọta ìbọn ni o, òkúta ni o, òdòdó ni o, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn igi kan ṣì wà láàyè níbẹ̀ tí ogun náà ṣojú wọn. Ẹ má fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sí wọn lára. Inú ìwé ni kí a máa kọ orúkọ wa sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ṣebí àwọn òṣìṣẹ́ páàkì fúnra wọn ń yìnbọn pa àgbọ̀nrín?" Òótọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1995. Àgbọ̀nrín ti pọ̀ jù, wọ́n ń jẹ irè oko àti ọmọ igi, igbó kò sì lè hù mọ́ bí ó ti rí nígbà ogun. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ló ń dín wọn kù. Kì í ṣe iṣẹ́ àlejò.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó bá lọ kí òkú kì í jí nǹkan níbẹ̀, kì í sì í lu ọmọ onílé. Òkú ló ni ilẹ̀ yẹn, ẹranko sì ni ọmọ onílé. Ẹ wò ó, ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ohun tí ó wà nínú àkọlé, ẹ sọ ìtàn Brian fún àwọn ọmọ-ọmọ yín. Kí ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti bá a.