Ìpín Ẹni Tó Dúró Ti Ẹrù

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Abigi, Ìwópin àti àwọn ìlú etí omi ní Ogun Waterside, bí ẹnì kan bá wọṣẹ́ sójà, gbogbo ẹbí ló bá a wọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an nílẹ̀ òkèèrè, kí ilé rẹ̀ má sì tú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Burma. Ní 1960, àwọn sójà wa lọ sí Kóńgò. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun tó lọ. Ní oṣù kẹjọ 1990, ECOMOG wọ Monrovia ní Làìbéríà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sàró, lẹ́yìn náà ni Darfur ní Sudan. Nígbà ECOMOG, GSM kò tíì dé. 2001 ló dé Nàìjíríà. Lẹ́tà tí ẹnì kan bá mú bọ̀ ni ìyàwó ń retí. Bí lẹ́tà bá pẹ́, oorun kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo Sámúẹ́lì Kìíní orí 30. Dáfídì àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ojú ogun dé, wọ́n bá Síkílágì nínú eérú, wọ́n ti kó ìyàwó àti ọmọ wọn lọ. Àwọn akọni wọ̀nyí sunkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ sọ Dáfídì lókùúta. Bí ilé kò bá rọgbọ, ojú ogun kò lè rọgbọ.

Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọ̀tá lọ, 200 nínú wọn dúró ti ẹrù létí odò Bésórì. Nígbà tí ìkógun dé, àwọn kan ní kí wọ́n má fún àwọn wọ̀nyí ní nǹkan kan. Dáfídì kọ̀. Ó ní ìpín kan náà ni, ó sì sọ ọ́ di òfin.

Ta ló dúró ti ẹrù lónìí? Ìyàwó tó ń tajà, tó ń san owó iléèwé, tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru, tó tún ń tọ́jú ìyá ọkọ. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń jẹ́. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ fẹnu kò lórí owó kó tó gbéra: iye tí yóò máa wọlé lóṣooṣù, àti àkáǹtì ta ni. Kí ìyàwó àti ìyá ọkọ jọ mọ̀ ọ́n, kí ìjà má bàa wọlé.

Èkejì, ẹ fún ẹni tó wà nílé ní àṣẹ. Ọmọ tí ibà ń ṣe kò lè dúró de ìpè láti òkèèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi fóònù sọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rántí ilé. Ní Làìbéríà àti Sàró, àwọn ọmọ kan wà tí bàbá wọn jẹ́ sójà ECOMOG tó ti padà sílé. Àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá bímọ síbẹ̀, kó gbà á ní ọmọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá dé, kó rọra wọlé. Ilé ti kọ́ bí a ṣe ń rìn láìsí i. Bí àlá ogun kò bá jẹ́ kó sùn, bí ìbínú rẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdílé nìkan ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìjọba ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń sanwó sójà fún, kì í ṣe sójà fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje 2008, àwọn sójà tó ti Làìbéríà dé jáde sí ìgboro Àkúrẹ́ nítorí owó àjẹmọ́nú wọn. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ológun sọ 27 nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n gbére; lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí ọdún méje. A kò ní kí sójà ṣọ̀tẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí owó ẹni tó lọ bá há sọ́nà, oúnjẹ ẹni tó dúró ti ẹrù ló há. Ẹ ro ti ọmọ tó ń retí bàbá láti Làìbéríà, tó wá gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ló lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìdílé pa ohùn pọ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo, kí àwa náà sì dúró tì wọ́n.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ilé wo ní àdúgbò yín ni sójà rẹ̀ kò sí nílé? Ẹ yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kẹ́ ẹ sì bá wọn gbé ẹrù náà.